Àpò ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọ̀dọ́langba tó ń lọ pàgọ́ nínú igbó: ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ àtèyí tó yẹ kẹ́ ẹ yọ kúrò

Ẹ ṣí síìpù àpò ìtọ́jú pàjáwìrì kan tí ilé-iṣẹ́ ti dì tán, ẹ da gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì, kẹ́ ẹ wá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ "ohun èlò 100" tàbí "ohun èlò 200" sí lára, pílásítà kéékèèké ló sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó rí bébà tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò rẹ, píìnì, sísọ́ọ̀sì tín-ín-rín tí kò lè gé ṣòkòtò jíǹsì, àti ìwé ìlànà tí lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó gbé tọ́ọ̀ṣì dání pàápàá á tiraka kó tó rí i kà. Gbogbo ìyẹn dáa fún orúnkún tó bó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jìnnà sí títì, orúnkún tó bó kọ́ ló lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú ni, omi ìdọ̀tí tó mu ni, òtútù òru ni, tàbí oyin tó ta á nígbà tí ara rẹ̀ ò gba oró oyin.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fi yẹ gbogbo ohun èlò tó wà nísàlẹ̀ yìí wò: ọmọ ọdún 14 tí ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, tí ẹ̀rù ń bà, tí àgbàlagbà kankan ò sì sí nítòsí, ṣé ó lè lò ó bó ṣe yẹ? Ohun tó bá ṣeé lò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sínú àpò rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé lò, bó ti wù kó jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ tó, ọwọ́ olórí ibùdó ló yẹ.

Ẹ̀bùn gidi ni àpò yìí fún ọjọ́ ìbí, tàbí fún Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé Lágbàáyé tó máa ń bọ́ sí 20 Oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 1959, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sì fọwọ́ sí Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 1989. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni àdéhùn náà ń pè ní ọmọdé, nítorí náà ọmọ ọdún 16 náà ní ìpín tirẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún yẹn. Àmọ́ ẹ má gbé àpò tẹ́ ẹ ti dì pa lé e lọ́wọ́. Ẹ jókòó tì í kó tú u, kó fọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan, kó sì fúnra rẹ̀ dì í padà. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ dì í ò ní mọ ibi tí nǹkan wà nínú òkùnkùn.

Ọ̀já tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró

Tourniquet ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n C-A-T Gen 7 la mú fún àyẹ̀wò yìí, nítorí pé ó rọrùn láti fi kọ́ ọmọ, ó sì wà lára àwọn tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun nílẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ọ̀já dúdú kan ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8. Ó ní bọ́kù kan tí ọ̀já ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pá tí wọ́n fi ń lọ́ ọ, ìkọ́ tí wọ́n ń há ọ̀pá náà sí, àti ọ̀já kékeré kan tí wọ́n kọ TIME sí lára.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde láti apá tàbí ẹsẹ̀, tó ń ta pìà tàbí tó ti rin aṣọ gbingbin tí kò sì dáwọ́ dúró, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń lò ó. Ẹ so ó sókè ọgbẹ́, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, kó wà láàárín ọgbẹ́ àti àyà. Kò gbọdọ̀ wà lórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Bí ọgbẹ́ bá wà nísàlẹ̀ orúnkún gan-an, orí itan ni kẹ́ ẹ so ó sí. Ẹ kó fóònù, kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀bẹ kúrò nínú àpò ṣòkòtò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fa ọ̀já náà le dáadáa, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ara rẹ̀, ẹ lọ́ ọ̀pá títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró, ẹ há a sínú ìkọ́, ẹ yí ọ̀já tó kù lé ọ̀pá lórí, ẹ fi ọ̀já TIME dè é, kẹ́ ẹ sì kọ aago tẹ́ ẹ so ó síbẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni gbólóhùn tó ní "ẹ fa ọ̀já náà le". Àwọn tí ara wọn ò balẹ̀ máa ń sáré lọ síbi ọ̀pá. Bí ọ̀já bá ṣì dẹ̀, ọ̀pá á kàn máa kó aṣọ jọ ni, á di bùlùkù sókè, á le dé ibi tí ọwọ́ ọmọ ò ti lè lọ́ ọ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì ṣì máa ṣàn. Ẹ kọ́ ọmọ pé kó kọ́kọ́ fa ọ̀já títí orí ìka mẹ́ta ò fi ní lè wọ abẹ́ rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ọ̀pá rárá. Bó bá fà á bẹ́ẹ̀, ìlọ́ díẹ̀ ló kù.

Ohun kejì tí wọn kì í sọ fún ọmọ ni pé ó máa ń dunni wọra. Ẹni tí wọ́n so ó fún á ké, á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú u. Ìrora yẹn ò fi hàn pé wọ́n so ó lódì. Tí ọmọ ò bá mọ èyí ṣáájú, àánú á ṣe é, á dẹ̀ ẹ́. Wọn kì í dẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé, wọn kì í tú u wò. Dókítà ló ń tú u. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń jáde lẹ́yìn tí ọ̀pá ti le, ẹ so èkejì sókè èyí àkọ́kọ́. Ìdí rèé tá a fi ń sọ pé méjì ló yẹ kó wà nínú àpò.

Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú lásán ò lè dá a mọ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà tí wọ́n ń lọ́ ọ, ọ̀pá rẹ̀ á tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́, ohun tó ń lẹ ọ̀já mọ́ra á sì máa ṣí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é fún láṣẹ ni kẹ́ ẹ ti rà á. Tí owó tí wọ́n ń pè é bá kéré gan-an sí ti àwọn yòókù, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ bá fi kọ́ ọmọ ò gbọdọ̀ padà sínú àpò, torí pé lílọ́ léraléra máa ń mú kó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe aláwọ̀ búlúù fún ìdánrawò. Ẹ ra ìyẹn kan. Kí ọmọ fi so itan ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kó fi ọwọ́ kan ṣoṣo so ó mọ́ apá, lẹ́yìn náà kó tún ṣe é nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọwọ́ tó ti bọ inú omi tútù. Èyí tó wà nínú àpò gan-an, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹ ti ki ọ̀já bọ bọ́kù sílẹ̀ kó di òrùka ńlá tí ẹsẹ̀ lè wọ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí àpò kékeré tó wà lóde. Ẹ má gbé e kọ́ sára báàgì níta, torí oòrùn máa ń ba ọ̀rá àti aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Ọrùn, ikùn àti àyà kì í gba ọ̀já yìí. Abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ikùn pàápàá ò gbà á. Níbẹ̀, gọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kì wọ inú ọgbẹ́, wọ́n á sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán láìṣí i wò. Nítorí náà gọ́ọ̀sì gígùn méjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ wa: kó wọ àpò ọmọ, òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ rà.

Ìdè eegun

SAM Splint ni èyí tá a yẹ̀ wò. Dókítà eegun kan, Sam Scheinberg, tó ti ṣiṣẹ́ lójú ogun Vietnam, ló ṣe é, látinú bébà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń wé ṣingọ́ọ̀mù, tó ń ká lọ́wọ́. Alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ kan wà láàárín fóòmù méjì. Tẹ́ ẹ bá na án tọ́ọ́rọ́, ó rọ̀ bíi pátákó bébà, ẹ lè ká a bí ẹní. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọlé ní gígùn kó lè kó kòtò bíi ọ̀pá ìṣànmi orí òrùlé, lójú ẹsẹ̀ ló máa le gbagidi. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí kò kọ́ ọ ti máa ń ṣì í lò: wọ́n á wé e mọ́ ọwọ́ bí báńdéèjì láìkó kòtò sí i, kò wá ní di nǹkan kan mú.

Ara ẹni tó ń tọ́jú, tàbí ẹsẹ̀ kejì tí kò ṣe nǹkan kan, ni wọ́n ti ń wọn ìrísí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí ibi tó ṣẹ́. Eegun tó ṣẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń tẹ̀ nǹkan sí. Ó gbọ́dọ̀ mú oríkèé tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ibi tó ṣẹ́. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi báńdéèjì wé e, ẹ tẹ èékánná ìka ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà kó funfun, kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: ó yẹ kó pọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá pọ́n, tàbí tí ìka kú tipiri, ìdì náà ti le jù, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un dì. Ẹ tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, torí pé ara máa ń wú.

Àǹfààní mìíràn tó ní ni pé wọ́n lè ya àwòrán X-ray gba inú rẹ̀ láìtú u, wọ́n sì lè fi sísọ́ọ̀sì gé e kéré fún ìka. Lójú wa, ọwọ́ ọmọ ọdún 14 ká a lẹ́yìn ìdánrawò bíi wákàtí kan.

Ìdè yìí náà ni ẹ ó nílò bí ejò bá bu ọmọ jẹ. Ẹ má so ọ̀já adẹ́jẹ̀dúró fún un, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fa oró. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò kí ọwọ́ tó wú, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ fi ìdè mú apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má lè mira, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gbígbé la sọ, kó má fẹsẹ̀ rìn tó bá ṣeé ṣe. Ọmọ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so tourniquet lè rò pé ibi gbogbo ni wọ́n ti ń lò ó, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní méjèèjì.

Asẹ́ omi

Sawyer Squeeze àti LifeStraw ni méjì tí ojú mọ̀ jù. Ohun kan náà ló wà nínú wọn: àwọn òkùn tín-ín-rín oníhò, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ihò ara òkùn inú Sawyer ò ju máíkírónì 0.1 lọ, ti LifeStraw jẹ́ 0.2. Bakitéríà àti àwọn kòkòrò bíi Giardia àti Cryptosporidium tóbi ju ìyẹn lọ, nítorí náà wọn ò lè kọjá. Fáírọ́ọ̀sì kéré, wọ́n lè kọjá. Oògùn inú oko, epo àti iyọ̀ òkun ń kọjá pẹ̀lú.

Fún ọ̀dọ́langba, Sawyer la fara mọ́. LifeStraw àtijọ́ tó dà bí ọ̀pá ìfamu rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni ni wọ́n fi ń fa omi gba inú rẹ̀, èèyàn á dojú bolẹ̀ létí odò. Kò ṣeé fi rọ omi sínú ìgò gbé lọ, kò sì ṣeé fi bu omi fún ẹni tó fara pa. Sawyer, ẹ ó rọ omi odò sínú ọ̀rá rẹ̀, ẹ ó dè é mọ́ asẹ́, ẹ ó wá máa fún un sínú ìgò.

Àléébù rẹ̀ wà, ẹ sì ní láti mọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Àkọ́kọ́ ni òrùka rọ́bà tó wà ní ojú ìdè ọ̀rá: bó bá bọ́ sọnù, omi ìdọ̀tí á máa jò gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú ìgò, ẹni tó ń mu ún ò ní mọ̀. Ẹ mú òmíràn dání. Ìkejì ni ọwọ́ líle. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ìdọ̀tí ló ti dí àwọn ihò, ṣùgbọ́n ọmọ á máa fi gbogbo agbára fún ọ̀rá títí á fi bẹ́ lójú rírán. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó fa omi tó mọ́ sínú síríǹjì tó bá asẹ́ náà wá, kó sì tì í wọlé láti ẹnu ibi tí omi mímọ́ ń gbà jáde, pẹ̀lú ipá, títí omi tó ń jáde lódìkejì á fi mọ́. Omi odò tó pọ́n bí amọ̀, kó kọ́kọ́ jẹ́ kó silẹ̀ nínú ike, kó sì fi aṣọ sẹ́ òkè rẹ̀.

Ìkẹta ló burú jù, torí pé kò ṣeé rí. Bí asẹ́ tó ti bọ omi bá dì gbagidi lóru, omi inú àwọn òkùn náà á wú, á sì fà wọ́n ya. Lówùúrọ̀ ó ṣì ń ṣàn, ó tilẹ̀ lè máa yára ju tàná lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ nǹkan kan mọ́. Kò sí àtúnṣe, ẹ sọ ọ́ nù. Níbi tí òtútù bá ti lè mú omi dì, inú aṣọ ìsùn pẹ̀lú ọmọ fúnra rẹ̀ ni asẹ́ ń sùn, nínú ọ̀rá tó ní ìdè.

Nítorí fáírọ́ọ̀sì, ẹ fi oògùn kílórínì oníhóró sí i. Ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú 30 nínú omi tó ti kọjá asẹ́, kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí omi bá tutù. Kílórínì nìkan ò lè pa Cryptosporidium. Asẹ́ ló ń mú ìyẹn, nítorí náà ẹnìkejì ara wọn ni wọ́n. Bí iná bá wà, ìyẹn borí gbogbo rẹ̀: kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, mẹ́ta bí ibùdó bá ga ju mítà 2,000 lọ.

Aṣọ fàdákà

NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò òfuurufú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló mú irú ọ̀rá tí wọ́n fi alumíníọ̀mù kùn yìí jáde ní 1964. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì ń dá ooru ara padà sí ara. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ọmọ tó fi aṣọ tútù dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, tó wá wé aṣọ fàdákà, òtútù á ṣì mú un, torí pé ilẹ̀ ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ ní tààrà, ọ̀rá fẹ́lẹ́ ò sì lè dá ìyẹn dúró. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ aṣọ tó tutù, ẹ to ewé gbígbẹ tàbí báàgì sábẹ́ rẹ̀, kó nípọn, lẹ́yìn náà ni aṣọ gbígbẹ, kí aṣọ fàdákà wá wà lóde pátápátá láti dá afẹ́fẹ́ àti òjò dúró. Bí ẹ̀gún bá fa á ya díẹ̀ létí, afẹ́fẹ́ á fà á ya tán. Ìdí nìyẹn tá a fi yan èyí tí wọ́n rán bí àpò, tó nípọn díẹ̀, ju èyí tó ṣí gbalasa lọ. Ẹ jẹ́ kó jìnnà síná.

Ẹ kọ́ ọmọ ní àmì kan: ẹni tí òtútù ń mú, tó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ṣì ń jà. Bó bá dákẹ́ gbígbọ̀n láìsí pé ara rẹ̀ ti yá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ra, tó ń ṣe bí ẹni tó mutí, ó ti wọnú ewu. Kí wọ́n rọra gbé e, kí wọ́n má fi ọwọ́ ra á lára, kí wọ́n má sì ní kó dìde rìn.

Ẹ̀rọ orí ìka tó ń wọn ọ́síjìn

Èyí ni ohun èlò tó fani mọ́ra jù nínú gbogbo wọn, òun sì ni a ò fara mọ́ fún àpò ọmọ. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jàpáànù, ló rí ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Iná méjì ló ń tàn gba inú ìka: pupa kan, àti èyí tí ojú ò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í gba iná méjèèjì bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò nọ́ńbà. Ara tó dá ṣáṣá sábà máa ń wà láàárín 95 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nílé ìwòsàn, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Nínú igbó, ohun tó ń ṣì í lọ́nà pọ̀. Ìka tó tutù kì í ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó, nọ́ńbà á máa fò sókè sódò. Kíkùn èékánná ń dá iná dúró. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ń dà á láàmú, oòrùn tó tan sí i lórí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé tí ẹ̀rọ bá kọ 90, òótọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 86 sí 94. Àwọ̀ ara tún ń kó ipa: ìwádìí kan lórí àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní Oṣù Kejìlá 2020, rí i pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ yìí ò fi hàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Àpẹẹrẹ kan rèé tó tó fún ẹ̀rí. Àwọn ọmọ gbé iná èédú wọnú àgọ́ nítorí òtútù, wọ́n sì fa síìpù rẹ̀ pa. Carbon monoxide, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, wọ ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì jókòó síbi tó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí. Lójú ẹ̀rọ náà, ẹ̀jẹ̀ tó gbé gáàsì yìí ò yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn. Orí á máa fọ́ ọmọ, èébì á máa gbé e, ojú á máa ṣú u, ẹ̀rọ á sì kọ 98. Ọmọ tó gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ á padà lọ sùn. Ohun tó yẹ kó gbà gbọ́ ni orí tó ń fọ́ ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú àgọ́ kan: kí gbogbo wọn jáde síta kíá. Ẹ fi ẹ̀rọ yìí sọ́wọ́ olórí ibùdó tó mọ̀ ọ́n lò, pẹ̀lú bátìrì tẹ́ ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀ títí ọjọ́ ìlò.

Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì

Ọmọ tí dókítà ti kọ ọ́ fún nìkan ló ń gbé e. Ẹ̀pà, oyin tàbí ohun mìíràn lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ara ọmọ náà gan-an ni abẹ́rẹ́ yìí ń wà. Kò gbọdọ̀ sí nínú ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí nínú báàgì olùkọ́ tó ti ṣíwájú. Méjì ni kó gbé, torí ó lè nílò ìkejì bí ara kò bá bọ̀ sípò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 15.

EpiPen la wò. Mílígíráàmù 0.3 ni tàwọn tó wọn kílò 30 sókè, 0.15 ni tàwọn tó wà láàárín kílò 15 sí 30. Ọmọ ọdún 13 tó ti sanra sí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí lè ṣì máa gbé èyí kékeré kiri, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi gbogbo ìka gbá a mú bí ẹni di ọ̀pá mú, ẹ yọ ìdérí búlúù, ẹ ti ẹnu aláwọ̀ ọsàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan lóde títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún, kódà láti orí ṣòkòtò, ẹ dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Àṣìṣe tí ẹ̀rù máa ń mú wá ni kí èèyàn gbé àtàǹpàkò lé ẹnu rẹ̀, kó sì gún ara rẹ̀. Ìdí tá a fi ní kí gbogbo ìka ká a nìyẹn, kí àtàǹpàkò má dúró lórí. Lẹ́yìn náà kí ọmọ dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Bí èémí bá nira fún un, kó jókòó. Kò gbọdọ̀ dìde rìn kódà bó bá ní ara òun ti yá. Ilé ìwòsàn ṣì ni ìgbésẹ̀ tó kàn.

Dígírì 20 sí 25 Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ìwọ̀n tó fẹ́. Ẹ wo fèrèsé kékeré ara rẹ̀: bí omi inú rẹ̀ bá ti ń pọ́n tàbí tó ti dàrú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n jọ wà ní àgọ́ kan ló yẹ kó fi èyí tí kò ní abẹ́rẹ́ dánra wò, torí pé ẹni tó ni ín lè máà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Àwọn kéékèèké tó kù

Fèrè: èyí tí kò ní hóró nínú ni kẹ́ ẹ rà, bíi Fox 40, torí pé hóró máa ń dì nínú òtútù, ó sì máa ń há bí iyanrìn bá wọ inú rẹ̀. Ọrùn ọmọ ló ń gbé, kì í gbé inú àpò. Fífọn mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ni àmì ìgbanilà lórí òkè Alps. Mẹ́ta ni ti Àríwá Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́ ọmọ ní èyí tí wọ́n ń lò níbi tó ń lọ.

Oògùn ìgbẹ́ gbuuru onísáṣẹ́ẹ̀tì (ORS): odidi sáṣẹ́ẹ̀tì gíráàmù 20.5 fún lítà omi kan, ẹ má pín in, torí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lè má dọ́gba. Bó bá tán, ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà tó ṣe déédéé etí àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí nínú lítà kan. Iyọ̀ tó bá lé pọ̀ ju èyí lè ṣe ìpalára, nítorí náà ẹ fi ṣíbí gidi sínú àpò. Ohun tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó fún eégbọn: kó mú un níbi tó súnmọ́ awọ ara jù, kó fà á jáde tààrà láìlọ́ ọ. Kò sí iná, kò sí epo. Ojú iná tó jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, kó tó kan báńdéèjì. Ẹ dá pílásítà 10 padà sínú àpò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì méjì àti sísọ́ọ̀sì gidi tó lè gé aṣọ. Ẹ yọ ìwé ìlànà ẹlẹ́tà kékeré.

Bí ẹ bá ń dì í, ohun tí ìṣẹ́jú àáyá ṣe pàtàkì sí ló ń wà lókè: tourniquet, gọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́. Ohun tó lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà lábẹ́: ìdè eegun, aṣọ fàdákà. Oògùn ìgbẹ́ gbuuru àti kílórínì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Ní abẹ́ ìdérí, ẹ lẹ bébà kan mọ́ ọn tó ní orúkọ ọmọ, ìwọ̀n kílò rẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà, oògùn tó ń lò, àti oṣù tí ohun kọ̀ọ̀kan nínú àpò máa bàjẹ́. Pẹ́nsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí omi máa ń fọ yíǹkì.